Carménère: Àjàrà tí a ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti Carménère, àjàrà pupa kan tí òkìkí rẹ̀ kò tó ti Merlot, a gbàgbé ilé, orúkọ sì ṣìnà.

Agbègbè Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ni orírun rẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ ti àwọn àjàrà mìíràn kọjá òkun lọ sí Chile. Lẹ́yìn náà ni kòkòrò phylloxera, tí ń jẹ gbòǹgbò, ba àwọn ọgbà àjàrà ilẹ̀ Faransé jẹ́. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Bordeaux ń tún ọgbà gbìn, wọ́n pa Carménère tì, nítorí òdòdó rẹ̀ a máa rẹ̀ dànù láìdi èso. Ní Chile, ó wà láàárín Merlot, ewé wọn jọra, wọ́n sì ń pe méjèèjì ní Merlot. Ọdún 1994 ni Jean-Michel Boursiquot, onímọ̀ àjàrà láti Montpellier, yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, tí ó sì dá orúkọ rẹ̀ padà fún un.

Orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Merlot tètè ń pọ́n. Carménère a máa pẹ́ jù ú lọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí a bá ká wọn pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ọtí Carménère yóò máa rùn bí tàtàṣé tí kò tíì pọ́n. Ẹni tí ó tọ́ irú ọtí bẹ́ẹ̀ wò lè sọ pé àjàrà náà kò dára. Lójú tiwa, àjàrà kò jẹ̀bi: ọjọ́ ìkórè ẹlòmíràn ni wọ́n fi ká a.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kejì wà tí a kò gbọdọ̀ gbóríyìn fún. Àwọn kan ń fi èso náà sílẹ̀ lórí igi títí òórùn ewé yóò fi tán pátápátá. Ọtí náà yóò wúwo, yóò dùn, kò sì ní yàtọ̀ sí ọtí wáìnì pupa mìíràn. Ìwọ̀nba òórùn ewé àti ata, pẹ̀lú adùn èso dúdú lábẹ́ rẹ̀, ni ilà ojú Carménère. Ẹni tí ó bá pa á rẹ́ tún ti sọ ọ́ di aláìlórúkọ lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ bá ń tọ́ ọtí wò, ẹ bu ti Merlot sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe béèrè èyí tí ó dùn jù. Ẹ béèrè èyí tí ó jọ ara rẹ̀.