Ìlérí Paul Bäumer Nínú Kòtò

Bí àwọn èèyàn bá ń yin All Quiet on the Western Front, ìwé tí Erich Maria Remarque ọmọ Jámánì gbé jáde ní 1929, ikú Gérard Duval, ṣọ́jà Faransé kan nínú ìtàn náà, ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti bẹnu àtẹ́ lu ogun. Lójú tèmi, ohun tó tẹ̀ lé ikú náà ló fi ọgbọ́n Remarque hàn jù.

Paul Bäumer ló ń sọ ìtàn náà lọ́nà ojú-mi-ló-ṣe. Ọmọ iléèwé ni, Kantorek olùkọ́ rẹ̀ ló fọ̀rọ̀ dídùn tì í wọṣẹ́ ológun. Síbẹ̀, “àwa” ló kún ẹnu rẹ̀: oúnjẹ wa, iná orí wa, àwọn tó kú nínú wa. Remarque náà dé ojú ogun ní 1917, ó sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀.

Ní orí kẹsàn-án, Paul sá pamọ́ sínú kòtò tí àdó olóró gbẹ́ láàárín yàrà tiwọn àti ti ọ̀tá. Ṣọ́jà Faransé kan já lù ú. Kó tó ronú, ó ti fi ọ̀bẹ gún un. Ọkùnrin náà ò sì tètè kú. Títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì ló ń mí gúlegúle, tí Paul ń bu omi ẹrẹ̀ fún un mu, tó ń di ọgbẹ́ tóun fúnra rẹ̀ dá sí i lára. Nígbà tẹ́mìí bọ́, ó ṣí pọ́ọ̀sì olóògbé: fọ́tò obìnrin kan àti ọmọdébìnrin kékeré, orúkọ, iṣẹ́. Atẹ̀wé ni Duval. “Àwa” ò lè dáhùn fún ikú yìí. “Èmi” ló pa á. Paul wá ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á tọ́jú ìyàwó àtọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn jù níbí, ó ń dún bí ìwàásù, àbùkù ìwé náà sì nìyẹn.

Àmọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ẹ̀rù ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń bà á. Ó mọ̀ pé òun ò ní mú ìlérí náà ṣẹ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tó ti padà dé yàrà tiwọn, Kat àti Kropp, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ogun, tù ú nínú, wọ́n ní kó wo Oellrich, sájẹ́ǹtì tó ń fi ìbọn aláwò ṣọ́ ọ̀tá, tó ń ka iye èèyàn tó yìn lulẹ̀. Paul gbà pé ogun ò ju ogun lọ. Ìró ìbọn Oellrich ló parí orí náà.

Mi ò rí àgàbàgebè níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń bọ́ Paul, tó ń dáàbò bò ó, òun náà ló sọ ikú Duval di nǹkan kékeré. Remarque fi hàn wá, kò ṣàlàyé. Àwọn tó dáná sun ìwé yìí ní Jámánì ní 1933 ní ó tàbùkù ṣọ́jà. Kò sì sí ìwé tó fara balẹ̀ wo ṣọ́jà lásánlàsàn bíi rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni níwèé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbi òkú Duval. Ẹ kà á dórí ìbọn Oellrich.