Ìṣísẹ̀ Ta Ni Wọn Yóò Tẹ̀lé? Ìtò Ikọ̀ Méjì nínú Àṣekágbá NCAA Ọdún 1983

Àgbéyẹ̀wò ṣáájú ìdíje jẹ́ ẹ̀yà lámèyítọ́ tí kì í dúró kí iṣẹ́ parí kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ ìwé ti ka ìwé tán; ẹni tó ń ṣe ti eré orí ìtàgé ti jókòó wò ó dópin. Olùyẹ̀wò ìdíje ní tirẹ̀ ń sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, gbogbo ayé á ti mọ̀ bóyá ó mọ ohun tó ń sọ. Iṣẹ́ yìí tún wá le sí i nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Àwọn ikọ̀ tó ń pàdé nínú ìdíje àpapọ̀ tí NCAA, àjọ eré ìdárayá wọn, ń ṣètò kì í sábà tíì kojú ara wọn lọ́dún náà. Ìdíje kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbá, ogójì ìṣẹ́jú, ẹni tó bá sì pàdánù ti di èrò ilé. Ohun tó wà lọ́wọ́ olùyẹ̀wò kò ju méjì lọ: àwọn tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń tò jáde, àti bí wọ́n ṣe máa ń gbá a.

Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí a mú àwọn márùn-ún ti apá kan, kí a mú àwọn márùn-ún ti apá kejì, kí a wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnì kejì rẹ̀, ká wá ka iye ibi tí ẹgbẹ́ kan ti tẹ̀wọ̀n ju èkejì lọ. Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí àwọn méjèèjì bá ń gbá irú bọ́ọ̀lù kan náà. Bí ìtò wọn bá yàtọ̀ pátápátá, ó ń ṣini lọ́nà, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń jà lé lórí ni irú eré tí wọ́n jọ máa gbá. Agbára tí ìdíje náà kò bá fún láyè, bí ẹni pé kò sí ni. Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere tó àṣekágbá ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1983, ní Albuquerque ní ìpínlẹ̀ New Mexico, níbi tí Yunifásítì Houston ti pàdé North Carolina State.

Ìborí 31 àti ìpàdánù 2 ni Houston gbé wá síbẹ̀. Wọ́n ti borí nígbà 26 léraléra, àwọn sì ni wọ́n wà ní ipò kìn-ín-ní ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ìsáré àti ìfò ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Guy Lewis, fi tò wọ́n. Clyde Drexler, Michael Young àti Larry Micheaux ga, wọ́n yára, ọwọ́ wọn sì ń kọjá irin àwọ̀n bí wọ́n bá fò. Benny Anders á tún ti orí ìjókòó wọlé láti fẹ́ iná náà. Bí alátakò bá ju bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, bọ́ọ̀lù àtapadà ti dé ọwọ́ Houston nìyẹn, kí ojú sì tó ṣẹ́ ẹnì kan ti ń ki í bọ àwọ̀n láti òkè ní ìhà kejì. Dọ́ǹkì pọ̀ nínú eré wọn débi pé Thomas Bonk, oníròyìn Houston Post, sọ wọ́n ní Phi Slama Jama, bí ẹni pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀ láìmọ dọ́ǹkì.

Ẹni tó dúró nídìí àwọ̀n fún wọn ni Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963, tí wọ́n ṣì ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Akeem nígbà náà. Handball ló ń gbá nílé ẹ̀kọ́, ó sì ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kó tó di pé ó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nígbà tó ti di ọ̀dọ́langba. Ní 1980 ló dé Houston. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí gíga rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méje, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Sẹ́ńtà tó ga tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà yára yí padà. Èyí ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìṣísẹ̀ kékeré díwọ̀n ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti ìdí òpó gólì. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, nígbà tí Houston na Louisville ní 94 sí 81 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, àmì 21 ló jù, ó kó bọ́ọ̀lù àtapadà 22, ó sì gbá 8 dànù lójú òfuurufú. Eré ìsáré àti dọ́ǹkì ni ti ìhà méjèèjì lọ́jọ́ náà, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára èyí tó dùn-ún wò jù lọ nínú ìtàn ìdíje náà. Eré yìí gan-an ló bo olùyẹ̀wò lójú. Ohun tí ó fi hàn ni bí Houston ṣe ń rí nígbà tí alátakò bá gbà láti bá wọn sáré.

North Carolina State kò gbà láti bá ẹnikẹ́ni sáré tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n ti pàdánù lọ́dún náà. Egungun ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn òpó wọn, Dereck Whittenburg, ti ṣẹ́ lóṣù kìn-ín-ní, ìgbà tó sì padà ni wọ́n tó rí ara wọn gbà. Wọ́n gba ife ìdíje líìgì wọn, ACC, níbi tí wọ́n ti borí North Carolina tí Michael Jordan ń gbá fún àti Virginia ti Ralph Sampson. Nínú ìdíje NCAA, àfikún àkókò méjì ni wọ́n lò kí wọ́n tó borí Pepperdine ní 69 sí 67. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ju Nevada-Las Vegas lọ, 71 sí 70. Àmì kan ṣoṣo náà ni wọ́n tún fi ju Virginia lọ, 63 sí 62. Àwọn tó wo èyí ní oríire pọ̀. Ṣùgbọ́n ikọ̀ tí ìparí eré ti fún lọ́rùn lọ́pọ̀ ìgbà tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì kú, ti kọ́ ohun kan tí ikọ̀ tó ń borí pẹ̀lú àmì 13 kò ráyè kọ́.

Ìtò tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jim Valvano, gbé kalẹ̀ fún State kò kéré níwájú, bí àwọn kan ṣe rò. Thurl Bailey àti Cozell McQueen ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 11 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, Lorenzo Charles sì lágbára láyà. Ṣùgbọ́n àwọn gáàdì ni ọkàn ikọ̀ náà: Sidney Lowe tó ń darí bọ́ọ̀lù, Whittenburg, àti Terry Gannon tó ń ti orí ìjókòó wọlé. Lowe àti Whittenburg ti jọ gbá bọ́ọ̀lù láti ilé ẹ̀kọ́ girama DeMatha ní Maryland. Ọdún ìkẹyìn wọn ní yunifásítì nìyí. ACC ń dán ìlà alámì-mẹ́ta àti aago ìṣẹ́jú àáyá 30 wò lọ́dún náà, Whittenburg àti Gannon sì ti fi ìlà náà sọ jíjù láti òkèèrè di iṣẹ́ òòjọ́ wọn. NCAA kò lo ìlà náà nínú ìdíje àpapọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ́ ọn kò gbàgbé. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù láti òkèèrè kì í gba iwájú Ọlájùwọ́n kọjá.

Òfin ló yẹ kó gba ìlà tó pọ̀ jù nínú àgbéyẹ̀wò tó péye, òun gan-an ni wọ́n sì máa ń fò. Nínú ìdíje NCAA ti 1983, kò sí aago tó ń fi dandan lé e pé kí ikọ̀ ju bọ́ọ̀lù láàárín ìwọ̀n ìgbà kan. Ẹni tó bá di bọ́ọ̀lù mú lè dì í mú títí tó bá wù ú, níwọ̀n ìgbà tó bá lè dáàbò bò ó. Bí ẹni tó ń lu ìlù ṣe ń darí ẹsẹ̀ oníjó, bẹ́ẹ̀ ni gáàdì ń darí ìyára eré nínú òfin bẹ́ẹ̀. Tí a bá wò ó láti ibí, òṣùwọ̀n yí padà. State ní gáàdì méjì tó ti dàgbà pọ̀. Alvin Franklin, ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì, ni gáàdì tó ń darí bọ́ọ̀lù fún Houston. Bí eré bá yára, ìrírí Franklin kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí ó bá rọra, òun ni ẹni tó ṣe pàtàkì jù.

Ohun kejì tó yẹ kí olùyẹ̀wò wò ni jíjù ọ̀fẹ́. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, láti orí fáọ̀lù keje tí ikọ̀ kan bá ṣe láàárín ìdajì eré, ẹni tí wọ́n bá ṣe é sí á lọ dúró lójú ìlà. Bí èyí àkọ́kọ́ bá wọlé ni yóò tó ní ẹ̀tọ́ sí ìkejì. Ó túmọ̀ sí pé alátakò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fáọ̀lù láti dá aago dúró, kó sì gba bọ́ọ̀lù padà láìpàdánù ohunkóhun, bí ẹni tó wà lójú ìlà kò bá mọ̀ ọ́n jù. Gbogbo ẹni tó ń wo Houston ló mọ̀ pé ibí ni ọwọ́ wọn ti rọ̀. Ẹ̀kẹta ni Albuquerque fúnra rẹ̀, ìlú tó ga ju 1,500 mítà lọ sókè òkun, níbi tí èémí kì í tètè padà sára ẹni tó bá ń sáré tó sì ń fò.

Òdodo gbà á pé kí a sọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Maryland náà ti ACC wá, Houston sì borí wọn ní 60 sí 50 nínú ìdíje kan náà, èyí tó fi hàn pé iye àmì kékeré nìkan kò tó láti pa Houston. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí olùyẹ̀wò sọ pé State yóò borí. Ohun tó lè fọwọ́ sọ̀yà ni pé bí iye àmì ikọ̀ kọ̀ọ̀kan bá wà ní àárín 50 sí 60 nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méjì, ọwọ́ State ni ìdíje wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníròyìn kò kọ bẹ́ẹ̀; wọ́n kọ̀wé bí ẹni pé ayẹyẹ ìgbadé ni wọ́n fẹ́ lọ wò.

Valvano ti sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn lè di bọ́ọ̀lù mú kí àwọn má jù ú rárá. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, State ń jù. Wọ́n pa ìdènà mọ́ra yí àwọ̀n ká kí dọ́ǹkì má baà ráyè, wọ́n sì ń ti òkèèrè ju bọ́ọ̀lù. Drexler ti ní fáọ̀lù mẹ́rin kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, State sì ń síwájú ní 33 sí 25. Lẹ́yìn ìsinmi, Houston jí: àmì 17 sí 2, wọ́n gba iwájú ní 42 sí 35. Ìgbà yìí ni Lewis pàṣẹ pé kí wọ́n fa ọwọ́ eré sẹ́yìn. Ìpinnu yìí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró lé lórí ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ó ṣeé ṣàlàyé: Drexler wà nínú ewu, àárẹ̀ ti mú Ọlájùwọ́n, aago kò sì sí láti lé ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ Houston ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ inú eré tí State mọ̀ jù. Whittenburg àti Lowe ń ju tiwọn wọlé láti òkèèrè, State ń ṣe fáọ̀lù, Houston ń pàdánù lójú ìlà. 10 péré ló wọlé nínú jíjù ọ̀fẹ́ 19 tí wọ́n ní. Nígbà tí àmì di 52 sí 52, Franklin ni wọ́n rán lọ sójú ìlà, ti àkọ́kọ́ kò sì wọlé. State di bọ́ọ̀lù mú títí di ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn. Ọwọ́ Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á. Whittenburg ṣáà gbá a mú, ó jù ú láti ọ̀nà jíjìn, kò dé àwọ̀n. Charles gbà á lókè, ó sì fi dọ́ǹkì parí rẹ̀: 54 sí 52.

Ọlájùwọ́n ju àmì 20, ó kó bọ́ọ̀lù àtapadà 18, ó sì gbá 7 dànù. Òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ rẹ̀ pàdánù. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹlòmíràn láti ikọ̀ tó pàdánù tó gba ẹ̀bùn náà. Nínú ìwọ̀n ẹnì kan mọ́ ẹnì kan, ẹni tó fún Houston ní máàkì kò ṣìnà rárá.

Nínú àṣekágbá 1985, Villanova borí Georgetown ní 66 sí 64 lábẹ́ òfin àìsí aago kan náà, 22 sì wọlé nínú 28 tí wọ́n jù. Ní sáà tó tẹ̀lé e, NCAA gbé aago ìṣẹ́jú àáyá 45 wọlé. Ní sáà 1986 sí 1987, ìlà alámì-mẹ́ta di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ojú ọ̀nà tí State gbà ti há, ṣùgbọ́n ìlà tuntun náà gbé irú ìjà mìíràn dìde láàárín ìtò tó dá lórí ẹni gíga kan nídìí àwọ̀n àti ìtò tó tú àwọn ajùbọ́ọ̀lù ká. Àṣekágbá ti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tó péye jù. Zach Edey ti Purdue ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 4, àwọn ajùbọ́ọ̀lù tó yí i ká sì mọ ọ́n jù gan-an láti ẹ̀yìn ìlà. Connecticut tó kojú wọn ní láti yan ọ̀kan: kí wọ́n pé lé Edey lórí, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan, kí àwọn yòókù má kúrò lára àwọn ajùbọ́ọ̀lù. Èkejì ni wọ́n yàn. Donovan Clingan àti Samson Johnson, ọmọ Lomé ní Tógò, ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn láti ṣọ́ ọ. Edey ju àmì 37. Gbogbo Purdue tó kù kó 23 jọ, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wọlé nínú méje tí wọ́n jù láti ẹ̀yìn ìlà alámì-mẹ́ta. Connecticut borí ní 75 sí 60. Tristen Newton, gáàdì wọn tó ju àmì 20, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù.