Orin Háíláìfù Lórí Okùn: Akinla ti Fẹlá Ṣówándé

Ní ọdún 1944 ni Fẹlá Ṣówándé kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn ti òyìnbó. Ipa márùn-ún ni. Orí orin háíláìfù ni ó gbé ìkẹyìn, Akinla, kà. Àwa tí à ń gbọ́ gòjé ní Kàdúná mọ̀ pé okùn lè mú ni jó; Akinla náà dùn, ó yá ẹsẹ̀. A kan sáárá sí i.

Ṣùgbọ́n okùn kì í pe ọ̀rọ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ sì ni orin Yorùbá ń tẹ̀ lé. Bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè, kí orin má baà di ariwo dídùn lásán létí wọn.