Èémí Ọmọ Kì Í Parọ́

Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè sọ pé àyà ń dun òun. Ọmọ ọdún méjì lè ké, ṣùgbọ́n igbe ebi àti igbe òtútù àyà kò yàtọ̀ létí ẹni tí kò mọ̀. Ohun tí ọmọ kò lè fi ẹnu sọ, àyà rẹ̀ ń sọ ọ́, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọdé sì ni láti rí i. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe ní Ìyìn-Èkìtì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá pàdé ọmọ lọ́jà tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àyà rẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Ìròyìn tí UNICEF gbé jáde lọ́dún 2019 sọ pé ní 2018, òtútù àyà pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó 162,000 ní Nàìjíríà. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tí tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Níhìn-ín, bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku bo ọ̀nà Adó sí Ìgèdè, tí wọ́n ń sun oko, tí gàrí ń bẹ nínú agbada lórí iná igi, ikọ́ ọmọdé a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bí òjò bá tún dé, tí gbogbo ilé kó sínú yàrá kan tí wọ́n sì ti fèrèsé pa, ikọ́ ẹnì kan á ran gbogbo wọn.

Kíka èémí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wa. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kó má máa sunkún, kó má sì máa mu ọmú lọ́wọ́, nítorí méjèèjì ń yí èémí padà. Màá ní kí ìyá rọra ká aṣọ rẹ̀ sókè, kó má bọ́ ọ tán, kí òtútù má baà mú un. Màá wá gbé aago sí ẹ̀gbẹ́ ikùn ọmọ kí ojú mi lè máa rí méjèèjì pọ̀. Bí ikùn bá ròkè tó sì wálẹ̀, ọ̀kan nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni mo fi ń kà á. Ẹni tó bá kà á fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, tó wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, lè ṣì í, torí ọmọ ọwọ́ a máa mí wàràwàrà, a tún dúró díẹ̀. Òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé kò ṣòro há sórí: ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, bí èémí rẹ̀ bá tó 60 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti yá jù, láti oṣù méjì títí dìgbà tó máa pé ọdún kan, 50, láti ọdún kan títí dìgbà tó máa pé márùn-ún, 40.

Lẹ́yìn kíkà ni wíwò. Bí abẹ́ ìhà ọmọ bá ń jìn wọlé nígbà tó ń fa èémí sínú, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti le, agbára ló fi ń fa ohun tó yẹ kó wọlé wẹ́rẹ́. Mo ń wo ihò imú bóyá ó ń fẹ̀. Mo ń tẹ́tí bóyá ó ń kérora bí èémí kọ̀ọ̀kan bá ń jáde. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọmọ tó ti ń mí 70 láàárọ̀, tí iye náà já wálẹ̀ lójijì, tí ojú rẹ̀ sì ti rọ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ara rẹ̀ ti ń yá. Nọ́ọ̀sì á sáré pe dókítà, torí ó ti rẹ ọmọ náà débi pé kò lágbára àtimí mọ́.

Síbẹ̀, ojú tó mọ iṣẹ́ pàápàá kì í rí gbogbo rẹ̀. Ọ́síjìn lè ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí ètè àti ahọ́n tó yí àwọ̀ padà, àgàgà lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mọyì ẹ̀rọ kékeré onímọ́lẹ̀ pupa tí à ń fi há ọmọ níka ọwọ́ tàbí ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Bí nọ́ńbà tó gbé jáde bá wà lábẹ́ 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ́síjìn ti di dandan. Láàárín ọdún 2015 sí 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Falade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú Hamish Graham láti Melbourne, ṣe ìwádìí ní ilé ìwòsàn 12 ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n kọ́kọ́ kó ẹ̀rọ kékeré yìí fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì kọ́ wọn láti máa fi yẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá gbà sí wọ́ọ̀dù wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn ńlá wá. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 2019 fi hàn pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kékeré náà yẹ ọmọ wò déédéé ni ikú òtútù àyà ti dínkù gan-an. Nínú gbogbo ìwádìí tí mo ti kà, èyí ló wú mi lórí jù. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó gbà pé òun gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo ọmọ wò, àti èyí tó ń ké àti èyí tó dákẹ́, wà lára ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà.

Fífún ọmọ ní ọ́síjìn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. A ó kọ́kọ́ fi omi oníyọ̀ nu ikun kúrò, torí imú tó dí kò lè gba nǹkan kan. Rọ́bà oníhò méjì tí à ń fi sí imú gbọ́dọ̀ bá ọmọ mu; kó má fún, kó má sì fẹ̀ jù. Kí n tó fi sí i nímú, mo máa ń ti ẹnu rọ́bà náà bọ omi inú ife: bí omi bá hó, ọ́síjìn ń bọ̀, bí kò bá hó, ó lè máa jò níbì kan. Lítà kan tàbí méjì ní ìṣẹ́jú kan sábà máa ń tó ọmọ ọwọ́. Mo ti rí i níbi tí nọ́ńbà ti gòkè láti 82 dé 94, tí ọmọ tó ti ń jà láti òru bá sùn lọ, tí ìyá rẹ̀ náà gbórí lé etí bẹ́ẹ̀dì. N kò mọ adùn iṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ.

Oúnjẹ ló kàn, ibẹ̀ sì ni èmi àti àwọn ìyá àgbà ti ń sọ̀rọ̀ jù. Rírọ ọmọ ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́: a ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí ẹnu rẹ̀ ká, a ó da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i, ọmọ á sì gbé e mì kó lè rí èémí mí. Ọmọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Màá kúnlẹ̀ kí wọn, màá ní, "Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ wo abẹ́ ìhà rẹ̀ bó ṣe ń jìn. Bí a bá rọ ọ́ báyìí, inú ẹ̀dọ̀fóró ni àgbo náà ń lọ." Bí wọ́n bá ti fi ojú ara wọn rí i, ọ̀pọ̀ máa ń gbà. Ìyá á wá fún wàrà ọmú sínú ife, a ó gbé orí ọmọ sókè, a ó máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bí èémí bá yá jù, a ó gba imú ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dé ikùn rẹ̀. Epo pupa àti àdí tí àwọn kan ń kán símú ọmọ nítorí ikọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Epo tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í tètè jáde.

Ọmọ oníkọ́ fée, tí àyà rẹ̀ ń súfèé, ní ìtọ́jú tirẹ̀. Òògùn salbutamol tí à ń fín sí i lẹ́nu, inú ọ̀fun ni púpọ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bí kò bá sí ike tó máa gbà á dúró, èyí tí wọ́n ń tà sì wọ́n. Lọ́dún 1999, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town fi hàn nínú ìwé ìròyìn Lancet pé ike omi 500ml tí a ṣe dáadáa ń ṣiṣẹ́ bí èyí tí à ń rà. Èmi náà ń ṣe é. Màá ya ìrísí ẹnu òògùn sí ìdí ike, màá fi irin gbígbóná lu ú kó lè wọ̀ ọ́ pinpin, màá sì fi pílásítà dí etí rẹ̀. Ọmọ á fi ẹnu ike sẹ́nu, a ó fín òògùn lẹ́ẹ̀kan, á mí wọlé-jáde bí ìgbà márùn-ún, ká tó tún fín òmíràn.

Èyí tó bá le ju agbára wa lọ, a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá EKSUTH ní Adó, pẹ̀lú ọ́síjìn nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ kò wúlò bí iná bá lọ, ìka ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan kò sì lè ka èémí gbogbo wọ́ọ̀dù lóru. Mo bẹ ìjọba: ẹ fún ilé ìwòsàn ìlú kéékèèké ní iná oòrùn tó dájú, ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi síka, àti nọ́ọ̀sì tó pọ̀ tó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá. Láti òpin ọdún 2014 ni Nàìjíríà ti ń fi èyí tó ń dènà òtútù àyà kún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fún un ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Ẹ má gbé e pọ̀n sídìí iná igi. Bí ó bá ń kọ́, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè kí ẹ ka èémí rẹ̀. Bí èémí bá yá jù, bí abẹ́ ìhà bá ń jìn, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbé e wá lóru náà.