Egbò Asofẹ́yẹjẹ Nínú Ìgò

Ẹni tó bá mọ egbò rà ní ọjà Ọjúwòyè, ní Mushin, kì í wo bí asofẹ́yẹjẹ ṣe tóbi tó. Èékánná ló fi ń họ ọ́. Èèpo ló ń wá, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ibẹ̀ náà ni reserpine pọ̀ sí jù, èròjà tí wọ́n yọ ní Basel, ní Switzerland, lára ìbátan asofẹ́yẹjẹ ti ilẹ̀ Íńdíà ní 1952. Àwọn oníṣègùn wa ti ń fi egbò yìí wo wèrè tipẹ́. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ ọ́ jáde ní 1960.

Ṣùgbọ́n a kì í wú egbò kí igi má fara gbá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn tó ń gbin gbòǹgbò nìkan sínú ìgò.

Ewé tútù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi Jik tí wọ́n bu omi là fọ̀ ọ́: bó bá le jù, ewé á kú, bó bá rọ̀ jù, á bu. Wọ́n á fi abẹ tó ti gba iná kọjá gé e lára, wọ́n á sì kan bakitéríà inú ilẹ̀ kan, Agrobacterium rhizogenes, mọ́ ojú ọgbẹ́. Bakitéríà yìí máa ń ti díẹ̀ nínú àbùdá tirẹ̀ bọ inú ti ewé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí irun: gbòǹgbò tí kò ní igi lórí. Wọ́n á fi oògùn pa bakitéríà tó kù, wọ́n á gbé gbòǹgbò náà sínú omi oníṣúgà, nítorí kò ní ewé tí yóò bá a wá oúnjẹ. Ẹ̀rọ á máa mi ìgò náà jẹ́jẹ́, tọ̀sán tòru.

Yíyọ èròjà ló kù, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpoògùn ní Ìdí-Àràbà, nítòsí Mushin níbẹ̀. Wọ́n á fi amóníà rin egbò tó ti gbẹ tí wọ́n sì ti lọ̀, kí reserpine lè tú sílẹ̀ fún kilorofọ́ọ̀mù láti fà jáde. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ba reserpine jẹ́, nítorí náà wọ́n á fi fọ́ìlì wé ìgò. Ìkán tí wọ́n ń kán sórí àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni mo kan sáárá sí jù. Kò gbọdọ̀ tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fà wálẹ̀wálẹ̀. Wọ́n á fọ́n omi Dragendorff, tó ń fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ hàn, sí i, àmì kékeré kan á sì yọ, ó pọ́n bí epo.