Gìtá Tí Olórin Ti Kọ́kọ́ Tú Ká

Ọ̀pọ̀ gìtá tó ń jẹ́ orúkọ gbajúmọ̀ olórin kò ju ọ̀dà tuntun àti ìbuwọ́lùwé lọ. Èmi tí mo ń tún gìtá ṣe, èyí tí mo fẹ́ràn ni èyí tí olórin fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ tú ká, tó gbẹ́ igi rẹ̀, tó pààrọ̀ wáyà inú rẹ̀, nítorí pé ohùn tó ń wá kò sí nínú èyí tó rà lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ á wá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe àwòṣe.

Ẹ wo onígìtá Eddie Van Halen. Gìtá Stratocaster ti ilé-iṣẹ́ Fender ní ọ̀pá tremolo tó ń gbé ohùn sókè sódò, ṣùgbọ́n ohùn pickup rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ olóòfà tó ń gba ohùn okùn, tín-ín-rín. Ti ilé-iṣẹ́ Gibson kún dáadáa. Van Halen fẹ́ méjèèjì pa pọ̀. Ó wá ara gìtá kan àti ọrùn kan, ó gbẹ́ ihò sínú igi náà, ó sì fi pickup Gibson sí i ní dídagun. Ìdí pàtàkì wà fún dídagun yẹn: àlàfo okùn tremolo Fender fẹ̀ ju ti pickup náà lọ, bó bá dúró tààrà, okùn á yẹ̀ kúrò lórí òòfà rẹ̀. Ó tún rì í sínú ìda àbẹ́là gbígbóná. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n we mọ́ pickup máa ń gbọ̀n bí amplifier bá ròkè, gìtá á sì máa han goooro. Ìda ló ń dì í mú. Mo ti ṣe èyí fún pickup àwọn oníbàárà mi. Ìda náà kò gbọdọ̀ gbóná jù, kí ike inú rẹ̀ má baà yọ́. Inú mi máa ń dùn gidigidi bí igbe náà bá ti dákẹ́.

Frankenstein ni wọ́n ń pe gìtá yẹn. Lọ́dún 2007, Fender ṣe ẹ̀dà rẹ̀ 300, pẹ̀lú gbogbo ojú àpá rẹ̀, títí kan ẹyọ owó tí Van Halen fi síkúrú dè mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni, mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe é. Síbẹ̀, àpá ẹni kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ rà. Ìdáhùn tó rí sí ìṣòro rẹ̀ ni mo fẹ́.

Ìdí nìyí tí ti David Gilmour, onígìtá Pink Floyd, fi wù mí jù. Stratocaster ní pickup mẹ́ta. Súwíìṣì rẹ̀ lè so ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti àárín, tàbí ti àárín mọ́ èyí tó wà lẹ́bàá ọrùn, ṣùgbọ́n kò lè so ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ẹ̀bá ọrùn. Ohùn àwọn méjèèjì yẹn pa pọ̀ sì dùn: ó mọ́ kedere, ó tún kún. Súwíìṣì kékeré kan ni wọ́n fi kún gìtá dúdú Gilmour tó fi ṣeé ṣe. Wọ́n gé ọ̀pá tremolo rẹ̀ kúrú pẹ̀lú. Nígbà tí Fender gbé gìtá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde lọ́dún 2008, súwíìṣì àti ọ̀pá kúkúrú náà wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi sọ́dà jo wáyà lè fi súwíìṣì náà sí Stratocaster tirẹ̀ láàárín ọ̀sán kan.

Gìtá Fender tó ń jẹ́ orúkọ onígìtá Eric Clapton ló ṣáájú, lọ́dún 1988. Ara Stratocaster mẹ́ta ló ti ṣa èyí tó dára jù tó fi to gìtá rẹ̀ àtijọ́, Blackie, jọ. Kì í lo tremolo rárá. Pátákó ló fi há a kí ó má baà mira. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fender ṣe ń ṣe ti gìtá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: wọ́n á to tremolo náà pé, wọ́n á wá fi pátákó há a kí wọ́n tó gbé e kúrò ní ilé-iṣẹ́.