Láti Igbó Irúnmalẹ̀ dé Ọ̀dọ̀ Àdììtú: Bí Ọmọ Kétu Ṣe Ka Fágúnwà

Ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1963. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni àkọ́bí wọn, ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì ṣe àbígbẹ̀yìn ní 1961. Nínú àwa tí a fi èdè Faransé kàwé, púpọ̀ ló mọ àkọ́bí nìkan, wọn a sì máa wí pé àwọn ti ka Fágúnwà. Mo ka márààrún tẹ̀ léra, láti ìgbà ọyẹ́ títí àgbàdo tuntun fi dé ọjà. Ohun tí ọ̀kan ṣoṣo fi pamọ́ ni gbogbo wọn pa pọ̀ sọ síta.

Ẹni tí ó bá kọ́ ìwé bíi tiwa, ojú rẹ̀ kì í yá lórí Yorùbá. Ní Bẹ̀nẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Fágúnwà ń lo ẹ àti ọ. Nítorí náà ẹnu ni mo fi kà á, sókè, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí á kà á. Gbólóhùn rẹ̀ gùn bí ìjálá; ọ̀rọ̀ kan a pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, ìyẹn a tún pe òmíràn. Ẹni tí ó fi ojú lásán kà á yóò pè é ní àsọtúnsọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé àkọ́kọ́, Àkàrà-oògùn sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe pa ìyá rẹ̀. Àjẹ́ ni ìyá náà. Ó ti pa nínú àwọn orogún rẹ̀ àti àwọn ọmọ ilé. Ọkọ rẹ̀ yìnbọn lu ẹranko kan, ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà sì mú un padà dé ilé, sí ọ̀dọ̀ aya rẹ̀. Ìwé kejì wá padà sẹ́yìn, ó sọ ìgbà èwe bàbá yìí kan náà, Olówó-ayé, àti bí ó ṣe fẹ́ Àjẹ́dìran nínú Igbó Olódùmarè. Bí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn, ìró ìbọn ìwé àkọ́kọ́ kò kúrò ní etí mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kákò, akọni tó ń lọ sí Òkè Lángbòdó, ṣe pa obìnrin tó dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ.

Ibí ni ọmọ Kétu ti dúró. Lọ́dọ̀ wa, a mọ̀ pé agbára wà lọ́wọ́ àwọn ìyá, pé wọ́n lè tún ìlú ṣe, wọ́n sì lè bà á jẹ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ la fi ń dá wọn lóhùn: ọkùnrin a gbé igi gbígbẹ́ lé orí, a so aṣọ obìnrin mọ́ ìdí, a jó fún wọn kí inú wọn lè yọ́. Ìbọn ni Fágúnwà fi dáhùn. N kò wí pé irọ́ ló pa, nítorí ìtàn ọdẹ a máa sọ bẹ́ẹ̀, ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì a sì máa fi kún un. Ṣùgbọ́n ìdáhùn méjì ni Yorùbá ní sí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan péré ló wọ inú ìwé. Èṣù pàápàá, tí à ń kì ní Alákétu, ó di Èṣù-kékeré-òde, ọ̀rọ̀ igbó tí ọdẹ ń bá jà. (Ifá ṣáà wà nínú orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé náà títí ó fi kú.)

Ìrèké Oníbùdó dùn níbi tí ó ti wọ abẹ́ omi lọ. Ní ti Ìrìnkèrindò, ó ti rẹ igbó níbẹ̀. Olùkọ́ ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ ọdẹ, ẹ̀kọ́ ìwà sì pọ̀ ju ìrìn àjò lọ.

Àdììtú ni ó yà mí lẹ́nu. Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ ni Ìpọ́njúdìran. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Àjẹ́dìran: láàrin 1949 sí 1961, ohun tí ń dìran ti yí padà. Òṣì ni iwin tó le jù lọ nínú ìwé yìí, ìbọn kò sì ràn án. Lẹ́tà ni Àdììtú fi wá Ìyùnadé, Ìyùnadé sì ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dá a lóhùn. Obìnrin tí wọ́n yìnbọn lù ní 1938 kò rí àyè ro ẹjọ́ tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló rò ó fún wa. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí di kálámù mú.

Fún ìdí èyí, bí ẹnikẹ́ni ní Àjàṣẹ́ tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ bá bi mí pé ìwé wo ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀, Àdììtú ni n óò nà sí i, n óò sì ní kí ó máa kà padà sẹ́yìn, títí yóò fi dé ibi ìbọn.